Ta Ló Ni Kọ́kọ́rọ́ Fóònù? Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Root àti Recovery ní Ìlọrin

Ẹni tó bá rìn láti Challenge lọ sí Táíwò ní ìlú Ìlọrin, tàbí tó yà sí Tanke níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìlọrin pọ̀ sí, yóò rí ìsọ̀ àwọn atúnfóònùṣe lọ́tùn-ún lósì. Ojú fóònù tó fọ́, bátìrì, flash àti unlock ni wọ́n sábà máa ń kọ sára pátákó. Ọ̀rọ̀ root, tí kì í kúrò lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ti wá di ohun tí èèyàn ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ béèrè. Àwọn kan ní ìgbà rẹ̀ ti lọ, àwọn kan ní gbájú-ẹ̀ ló ń ṣe é, àwọn mìíràn sì gbà pé ẹni tí kò bá root fóònù rẹ̀ kò tíì ni fóònù náà. Ọ̀rọ̀ náà tó ohun tí à á gbé yẹ̀ wò látòkèdélẹ̀, nítorí pé fóònù Android ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń kàwé, tí a fi ń tajà, tí a fi ń fowó ránṣẹ́. Ohun tí mo rí nínú ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí àwọn tó ṣe fóònù fi sílẹ̀ láìṣe ni àwọn aráàlú ń fi root ṣe fúnra wọn. Púpọ̀ nínú ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é ti kúrò nílẹ̀, ewu rẹ̀ sì ti ju ti àtijọ́ lọ. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún root fóònù tí owó rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ láti ṣí fóònù tí a fowó ara wa rà kò gbọdọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wa, torí pé ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá dẹ̀yìn kọ fóònù náà, ẹ̀tọ́ yẹn nìkan ló kù fún wa.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Orí Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991, ni wọ́n kọ́ Android lé, fóònù Android àkọ́kọ́ tó sì dé ọjà ni HTC Dream, ní 2008. Nínú Linux, aṣàmúlò kan wà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0, tí wọ́n ń pè ní root. Kò sí fáìlì tí kò lè kà, kò sì sí èyí tí kò lè pa rẹ́. Áàpù kọ̀ọ̀kan tí a bá gbé sórí Android ń gba nọ́ńbà tirẹ̀, kì í sì í lè yọjú wo ohun tí áàpù kejì tọ́jú. Ẹni tó ra fóònù gan-an, ipò ayálégbé ni wọ́n fi í sí: ó lè to àga bó ṣe wù ú, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ògiri. Root ló ń sọ ayálégbé náà di onílé. Recovery ní tirẹ̀ jẹ́ ìpín kékeré kan lórí mẹ́mórì, tó dá dúró yàtọ̀ sí Android, tí fóònù fi ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ibẹ̀ la ti ń nu fóònù bọ̀ sípò tuntun, ibẹ̀ náà ni àtúnṣe láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ń gbà wọlé. Èyí tó bá fóònù wá kì í gba fáìlì tí ilé-iṣẹ́ kò buwọ́ lù. Custom recovery ni èyí tí àwọn ẹlòmíràn kọ, tí ń gba ohun tí onífóònù bá fi lé e lọ́wọ́. ClockworkMod, iṣẹ́ ọwọ́ Koushik Dutta, ló kọ́kọ́ gbayì. TWRP, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011, ló gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó wúlò jù nínú TWRP ni pé ó lè da Android, áàpù àti ètò orí fóònù kọ sórí mẹ́mórì káàdì, kí a lè dá a padà bó ṣe wà bí nǹkan bá dàrú. Bootloader ló wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo wọn. Bí ó bá wà ní títì, kò ní jẹ́ kí fóònù fi ohunkóhun tí ilé-iṣẹ́ kò buwọ́ lù tan ara rẹ̀. Bí a bá fi ọ̀nà tó tọ́ ṣí i, yóò nu gbogbo ohun tó wà lórí fóònù, kí olè má baà gba ibẹ̀ ka ọ̀rọ̀ àṣírí ẹni tó jí fóònù rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí gba ọwọ́ pẹ̀lẹ́, ẹni tó bá sì wò ó nítòsí yóò mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù Tecno, Infinix àti itel tó kún ọjà wa ló ń lo ẹ̀rọ MediaTek, irinṣẹ́ tí wọ́n sì ń lò fún un lórí kọ̀ǹpútà ni SP Flash Tool. Ẹnjiníà yóò pa fóònù. Yóò yan fáìlì scatter tó jẹ́ ti irú fóònù náà gan-an, nítorí pé fáìlì yìí ló ń sọ ibi tí ìpín kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ lórí mẹ́mórì, láti preloader dé boot, recovery àti system. Yóò fi àmì sí recovery nìkan, yóò tẹ Download, lẹ́yìn náà ni yóò tó fi okùn USB so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà. Ìlà pupa yóò sáré kọjá nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, ìlà àwọ̀ yẹ́lò yóò tẹ̀ lé e, bí iṣẹ́ bá sì parí, òrùka àwọ̀ ewé yóò yọ. Àmọ́ ohun mẹ́ta ló wà fún un láti yàn lójú irinṣẹ́ yìí: Download Only, Firmware Upgrade, àti Format All + Download. Ẹni tó bá ṣèèṣì mú èyí tó gbẹ̀yìn ti nu ìpín NVRAM, níbi tí fóònù ń tọ́jú IMEI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, sí. Fóònù náà yóò tàn, yóò dán gbinrin, ṣùgbọ́n síìmù kò ní gba ìpè, bí a bá sì tẹ *#06#, nọ́ńbà tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò ní sí. Bí ó bá jẹ́ preloader fóònù mìíràn ni wọ́n kọ sí i, ó lè kú fin-ín, kí ó má tilẹ̀ mọ̀ pé a so ṣájà mọ́ òun. Bí iná bá sì lọ lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní bátìrì nígbà tí ìlà yẹ́lò ń sáré, iṣẹ́ ti dàrú nìyẹn. Ìdí rèé tí ẹnjiníà tó mọṣẹ́ fi máa ń lo Readback láti kọ́kọ́ da ohun tó wà lórí fóònù kọ kó tó fọwọ́ kàn án. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ń fi ohun ìní olóhun ta tẹ́tẹ́.

Kí ló wá sún àwọn èèyàn dé ìdí irú iṣẹ́ eléwu bẹ́ẹ̀? Fóònù Android olówó pọ́ọ́kú tó wọ ọjà wa láàárín 2012 sí 2015 sábà máa ń ní RAM 512MB àti mẹ́mórì 4GB, Android fúnra rẹ̀ á sì ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Èèyàn kò ní tíì gbé áàpù mẹ́wàá sí i tí fóònù yóò fi kígbe pé àyè ti tán. Link2SD lè kó áàpù lọ sórí mẹ́mórì káàdì, ṣùgbọ́n kó tó lè ṣe é dójú àmì, ó ń béèrè root. Àwọn áàpù tí ilé-iṣẹ́ dì mọ́ fóònù kò ṣeé yọ láìsí root. Ẹni tó fẹ́ kí bátìrì rẹ̀ dúró di alẹ́ nígbà tí kò sí iná ń fi Greenify dá áàpù tó ń jẹ bátìrì lẹ́kun, òun náà sì ń lo agbára root. Àwọn ìdí yìí mọ́gbọ́n dání. Èyí tí kò mọ́gbọ́n dání ni ti dátà. Ní àkókò tí BIS, ètò dátà BlackBerry, rọ̀jú ju dátà Android lọ, àwọn kan wá ọgbọ́n fi Android jẹ dátà náà, wọ́n sì ń yí IMEI padà láti gba ẹ̀bùn tí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ṣe fún irú fóònù kan pàtó. Bí ó ti wù kí dátà wọ́n tó, irọ́ pípa ni kí fóònù máa pe ara rẹ̀ ní ohun tí kì í ṣe, àṣà yẹn ló sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa fojú gbájú-ẹ̀ wo ẹni tó bá dárúkọ root. Ọ̀nà tí wọ́n gbà root fóònù nígbà yẹn náà ní àbùkù. Framaroot, KingRoot, àti Towelroot tí George Hotz gbé jáde ní 2014, inú ihò ààbò tó wà lára Android ni wọ́n ń gbà wọlé. Ihò kan náà yẹn, ọlọ́ṣà lè gbà á. Wọn kò fi kóòdù KingRoot han aráyé, nítorí náà ẹni tó fi í root fóònù ti gbé agbára tó ga jù lórí fóònù rẹ̀ fún àlejò tí kò mọ̀.

Ìdí kan tún wà tó wúwo ju gbogbo ìyẹn lọ, òun ni pé àwọn tó ta fóònù kì í tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn títà. Nínú oṣù Kẹjọ 2015, Google gbé ètò Android One wọ ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú Infinix Hot 2, Nàìjíríà sì wà lára orílẹ̀-èdè tó kọ́kọ́ dé. Ìlérí ètò náà ni pé Android tuntun yóò máa dé sórí fóònù olówó pọ́ọ́kú bó ṣe ń dé sórí ti olówó ńlá. Pé ó tó kí wọ́n fi èyí ṣe ìkéde ńlá ti fi hàn bí nǹkan ṣe rí fún àwọn fóònù yòókù: Android tí wọ́n fi ra fóònù ni wọ́n sábà máa ń lò títí yóò fi bàjẹ́, tòun ti gbogbo ihò ààbò tí wọ́n bá rí lára rẹ̀ láàárín ìgbà náà. Lókè òkun, àwọn tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí wá nǹkan ṣe sí i. CyanogenMod, tí Steve Kondik bẹ̀rẹ̀ ní 2009, àti LineageOS tó jogún iṣẹ́ rẹ̀ ní òpin 2016, ti fún fóònù tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún sí i láti lò. Ṣùgbọ́n Xiaomi, Samsung, OnePlus àti Pixel ló jèrè iṣẹ́ yẹn jù. Kí a tó lè ṣe irú rẹ̀ fún fóònù kan dáadáa, a nílò kóòdù kernel rẹ̀, ìyẹn Linux tó wà nínú rẹ̀ gan-an; àṣẹ GPL tí Linux wà lábẹ́ rẹ̀ sì sọ ọ́ di dandan fún ilé-iṣẹ́ tó bá ta ẹ̀rọ tó ń lo Linux láti fi kóòdù náà sílẹ̀ fún ẹni tó rà á. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ta fóònù MediaTek fún wa kì í náání ojúṣe yìí. Ìgbà tí Google ṣe Project Treble ní 2017, tó ya Android sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó jẹ́ ti ẹ̀rọ, ni àwọn fóònù ọjà wa tó bẹ̀rẹ̀ sí í lè gbé Android alápapọ̀ tí wọ́n ń pè ní GSI.

Ẹni tó bá rò pé àìrí àtúnṣe gbà kò pa èèyàn lára, kó wo ọ̀ràn Tecno W2. Nínú oṣù Kẹjọ 2020, ilé-iṣẹ́ ìròyìn BuzzFeed News àti Secure-D, ẹ̀ka ààbò ilé-iṣẹ́ Upstream, gbé ìwádìí jáde pé kòkòrò sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ Triada àti xHelper ti wà lórí Tecno W2 kí ẹni tó rà á tó ṣí páálí rẹ̀. Ghana, Cameroon, Ethiopia, Íjíbítì àti South Africa ni wọ́n ti bá a pàdé. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fi orúkọ onífóònù ra àwọn iṣẹ́ tí kò béèrè, owó ìpè rẹ̀ á sì máa jò lọ. Secure-D ní àwọn dá ìdúnàádúrà afurasí mílíọ̀nù 19.2 dúró lórí fóònù tó lé ní 200,000. Transsion, tó ni Tecno, dáhùn pé alágbàṣe kan nínú àwọn tí iṣẹ́ gba ọwọ́ wọn kọjá ló fa á, àti pé àwọn ti ṣe àtúnṣe rẹ̀. Ká gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́. Ohun tí ọ̀ràn náà kọ́ wa kò yí padà: xHelper lè padà wá lẹ́yìn tí a bá ti nu fóònù bọ̀ sípò, nítorí pé ohun tó bá ti fìdí múlẹ̀ sínú system kì í bá dátà lọ. Àwọn méjì ló lè yọ ọ́ pátápátá, ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù àti ẹni tó lágbára láti kọ system tuntun sórí rẹ̀. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá fi falẹ̀, tí a sì ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹnì kejì, fóònù yóò máa jalè lọ́wọ́ ẹni tó rà á, kò sì sí ohun tí olúwarẹ̀ lè ṣe. Nítorí náà, àwọn tó ń sọ pé títì bootloader pa ni ààbò tó péye gbàgbé pé ewu lè ti inú ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ wá.

Síbẹ̀, òótọ́ ni pé ayé ti yí padà kúrò bó ṣe wà ní 2013. Android 6, tó jáde ní 2015, mú Doze wá, tí ń dá áàpù dúró nígbà tí a kò bá lo fóònù, iṣẹ́ Greenify nìyẹn. Android 6 kan náà jẹ́ kí a lè sọ mẹ́mórì káàdì di ara mẹ́mórì fóònù, ó sì jẹ́ kí a lè kọ̀ fún áàpù kan láti gbọ́ ohùn wa tàbí mọ ibi tí a wà. Android 7 mú Data Saver dé ní 2016. Android 9 mú Private DNS dé ní 2018, tí a lè fi dènà ìpolówó láìfọwọ́ kan fáìlì kankan. Android 11 jẹ́ kí a lè gba ohun tó wà lójú fóònù sílẹ̀ bíi fídíò. Àwọn áàpù àdìmọ́ náà ti rí ojútùú: ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà àti okùn USB lè fi irinṣẹ́ adb àti àṣẹ pm uninstall --user 0 yọ ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrò lójú iṣẹ́ láìsí root, bí ó bá sì ṣì wọ́n yọ, nínu fóònù bọ̀ sípò yóò dá wọn padà. Mẹ́mórì fóònù olówó pọ́ọ́kú pàápàá ti kúrò ní 4GB, ó ti di 64GB àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá ka àwọn ìdí tí àwọn ọ̀dọ́ Ìlọrin fi root fóònù ní ìgbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó kù tí kò ní ojútùú mìíràn kò pọ̀: ká fún fóònù tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ sílẹ̀ ní Android tuntun, ká yọ kòkòrò tó bá a wá látilé-iṣẹ́, ká da gbogbo rẹ̀ kọ pátápátá, àti ká fi kọ́ṣẹ́.

Ohun tí a ó pàdánù sì ti pọ̀ sí i. Ní ìgbà KingRoot, bí fóònù bá bàjẹ́, orin àti àwòrán ló lọ. Lónìí, àpò owó ni fóònù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí pípààrọ̀ owó naira mú kí owó ìná wọ́n bí ojú, ẹni tí kò lè fi fóònù fowó ránṣẹ́ ní ọjà Ìpàtà tàbí Ọjà-Ọba kò rí ọjà rà bọ̀rọ̀. Láti ìgbà yẹn, ìyá tó ń ta ata ti mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de alert. Ọ̀pọ̀ áàpù báńkì kì í sì í ṣí lórí fóònù tí wọ́n bá ti root. Wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ Google bóyá fóònù náà ṣì wà bí ilé-iṣẹ́ ṣe gbé e kalẹ̀. SafetyNet ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, Play Integrity ni wọ́n ń lò láti 2022 wá. Magisk, tí John Wu kọ ní 2016, gba ọ̀nà ọgbọ́n: kò fọwọ́ kan system rárá, boot ló ń tún ṣe, ó sì lè fi ara rẹ̀ pamọ́ fún áàpù nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n bí Google ṣe ń gbé àyẹ̀wò náà lọ sínú ẹ̀rọ fóònù gan-an, bẹ́ẹ̀ ni ibi ìfarapamọ́ ń dín kù. Ẹni tó bá root fóònù tó fi ń gba owó ọjà ti fi ara rẹ̀ sí ipò tí áàpù báńkì lè kọ̀ fún un láàárọ̀ ọjọ́ kan láìsọ tẹ́lẹ̀. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, áàpù ayédèrú kan ṣoṣo tó bá gba àṣẹ root lọ́wọ́ rẹ̀ lè ka ohun tí gbogbo áàpù yòókù tọ́jú, ti báńkì náà wà níbẹ̀. Fún irú fóònù bẹ́ẹ̀, kò sí èrè root tó tó ewu yìí.

A lè bi àwọn báńkì ní ìbéèrè kan padà. Ṣé ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò ni ohun tó léwu? Fóònù tí kò tíì rí àtúnṣe ààbò gbà láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí ihò ara rẹ̀ kò lóǹkà, lè gba ìwé ẹ̀rí lójú àyẹ̀wò tí kò le jù, níwọ̀n ìgbà tí kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Fóònù tí onímọ̀ kan gbé Android tuntun sí, tó ń rí àtúnṣe gbà loṣooṣù, lè kùnà nínú àyẹ̀wò kan náà. Ohun tí àyẹ̀wò yẹn ń wò ni bóyá fóònù ṣì wà bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é. Bóyá ó ní ààbò, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Mo gbà pé báńkì kò lè mọ onímọ̀ yàtọ̀ sí òpè láti ọ̀nà jíjìn, mo sì gbà pé owó oníbàárà ni wọ́n ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ààbò lóòótọ́, ó yẹ kí wọ́n máa kìlọ̀ fún ẹni tí Android rẹ̀ ti gbó pẹ̀lú ohùn tó le bí èyí tí wọ́n fi ń lé ẹni tó root fóònù rẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí USSD máa ṣiṣẹ́ geerege fún ẹni tí áàpù bá kọ̀.

Àtakò tó lágbára jù ni ti olè. Wọ́n ní ìsọ̀ tó ń flash fóònù ni fóònù jíjí ń gbà padà sọ́jà, irinṣẹ́ tó ń gbé TWRP sí fóònù ló sì ń yọ FRP, títì tí Google fi sí Android láti 2015 kí fóònù jíjí má baà ṣeé lò lẹ́yìn tí wọ́n bá nù ún. Kò sí ẹni tó mọ ọjà wa tí yóò sẹ́ èyí. Àmọ́ orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ní 2002 tó sọ yíyí IMEI padà di ẹ̀ṣẹ̀ tó lè ránni lẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún. Wọn kò sọ ṣíṣí fóònù ara ẹni di ẹ̀ṣẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti 2010 ni Ọ̀gá Ibi Ìkówèésí Àpapọ̀ ti yọ ẹni tó ṣí fóònù rẹ̀ láti lo áàpù tó wù ú kúrò lábẹ́ òfin tó de fífọ́ títì sọ́fítíwíà, wọ́n sì ń sọ ọ́ dọ̀tun láti ìgbà náà. Ìyàtọ̀ tí àwọn méjèèjì rí ni ó yẹ kí àwa náà rí. Òfin Cybercrimes wa ti 2015 ń bá ẹni tó wọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láìgbàṣẹ wí. Ẹni tó ṣí fóònù tó fowó ara rẹ̀ rà, ta ni ì bá gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀? Òfin Copyright tuntun, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní 2023, fòfin de fífọ́ títì tí wọ́n fi ń ṣọ́ iṣẹ́ ọlọ́pọlọ. Ó yẹ kí àwọn aṣòfin kọ ọ́ ní kedere, kí ẹ̀rù má baà ba ẹnjiníà tòótọ́, pé títún fóònù ara ẹni ṣe kò sí lára ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Ní ti olè, kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan máa béèrè rìsíìtì tàbí páálí fóònù tí IMEI wà lára rẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó gbé e wá sílẹ̀, kí ẹgbẹ́ wọn sì lé ẹni tó bá ń yí IMEI kúrò láàárín ara wọn. Ìyẹn yóò mú olè ju títì gbogbo fóònù pa lọ.

Àwọn mìíràn á ní kí ẹni tí fóònù rẹ̀ bá ti gbó ra tuntun. Wọn kò wo owó wa. Ní oṣù Kẹfà 2023 ni Báńkì Àpapọ̀ jọ̀wọ́ naira fún ọjà. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí naira 460 kọjá 1,500 ní 2024. Owó fóònù gbéra tẹ̀ lé e, ẹni tó sì ń pààrọ̀ fóònù lọ́dún méjì-méjì ti ń lò ó di ọdún mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà. Ní àkókò Ọ̀jọ̀gbọ́n AbdulGaniyu Ambali tó jẹ́ ọ̀gá àgbà láti 2012 sí 2017, Yunifásítì Ìlọrin pín tablet fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun; ìjọba Ọ̀ṣun gbé tablet Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ní 2013; láti 2022, tablet wà lára ohun tí àwọn olùkọ́ fi ń kọ́ ọmọ lábẹ́ KwaraLEARN, ètò ẹ̀kọ́ ìjọba Kwara. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà kú ikú ara: ojú rẹ̀ á ṣì mọ́, bátìrì rẹ̀ á ṣì gba iná, ṣùgbọ́n Android rẹ̀ á ti gbó débi pé áàpù tuntun kò ní gbà á. Bí bootloader bá ṣeé ṣí, tí kóòdù kernel sì wà nílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Ìlọrin àti ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara (KWASU) ní Malété lè fi iṣẹ́ ẹ̀kọ́ wọn sọ ọ̀pọ̀ rẹ̀ di ìwúlò padà. Bí wọ́n bá ti tì í pa, orí ààtàn ló ń lọ. Inú ìwé àdéhùn ni a sì ti ń pinnu ọ̀kan nínú méjèèjì, kí ẹ̀rọ tó dé.

Ohun tó yẹ kí oníkálukú ṣe wá hàn kedere. Ẹni tó ń fi fóònù gba owó, kó fi bootloader rẹ̀ sílẹ̀ ní títì, kó máa gba àtúnṣe tó bá dé, kó fi adb yọ áàpù tí kò fẹ́. Ẹni tó fẹ́ kọ́ root àti recovery, kó fi fóònù àtijọ́ kọ́ ọ. Ìka tó tọ́ símú la fi ń romú: fóònù tí ilé-iṣẹ́ ti kọ̀ sílẹ̀, tí kò sí báńkì lórí rẹ̀, ni iṣẹ́ yìí tọ́ sí. Kó kọ́kọ́ da NVRAM kọ síbi tó dájú, kó gba Magisk àti TWRP níbi tí àwọn tó kọ wọ́n gbé wọn sí, kó sì sá fún áàpù alátẹ-lẹ́ẹ̀kan bíi KingRoot. Àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ ní Challenge àti Táíwò ní ìmọ̀ tí kò sí nínú ìwé. Ó yẹ kí Ilorin Innovation Hub, tí ìjọba Kwara àti IHS Nigeria jọ dá sílẹ̀, pè wọ́n wọlé láti kọ́ni àti láti kọ́ sí i, kí ọ̀mọ̀ràn iṣẹ́ ọwọ́ àti ọ̀mọ̀ràn kóòdù lè pàdé.

Ẹrù tó wúwo jù wà lórí ilé-iṣẹ́ àti ìjọba. Huawei dáwọ́ fífúnni ní kóòdù tí wọ́n fi ń ṣí bootloader dúró ní 2018, ọ̀nà tí wọ́n sì ń dí kò yéé pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá fẹ́ mú kọ́kọ́rọ́ dání, kí wọ́n máa tọ́jú ilé. Google ṣèlérí àtúnṣe ọdún méje fún Pixel 8 ní 2023, Samsung ṣe bákan náà fún Galaxy S24 ní 2024, àwọn fóònù olówó ńlá sì ni méjèèjì. Láti oṣù Kẹrin 2024, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ẹni tó ń ta fóònù sọ iye àkókò tí àtúnṣe ààbò yóò fi máa dé; láti ogúnjọ́ oṣù Kẹfà 2025, òfin àjọ ilẹ̀ Yúróòpù ń béèrè ó kéré tán ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n bá dáwọ́ títà dúró. NCC, tí fóònù gbọ́dọ̀ gba ìfọwọ́sí lọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó wọ ọjà wa, àti FCCPC, tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ oníbàárà, lè béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ tà á fún wa: kí ọjọ́ tí àtúnṣe yóò dópin wà lára páálí, kí kóòdù kernel wà nílẹ̀ bí GPL ṣe pa á láṣẹ, kí bootloader sì ṣeé ṣí lọ́nà tó bófin mu, ó pẹ́ tán ní ọjọ́ tí àtúnṣe bá dópin. Àwọn ọmọ wa tó ń root fóònù ti jẹ́rìí fún ọdún mẹ́wàá sí ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ kò ṣe. Ká tó dá wọn lẹ́bi, ká kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹni tó gba owó rẹ̀.